Baba Ni Àbí Ọmọ? Ìtàn Ọ̀nà Ìṣirò Kan Tó Fara Pamọ́ Sẹ́yìn Ìwé

Ẹni tó bá ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lónìí kò ní ṣàì kọ́ ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní instrumental variables. Ẹ̀yìn ìwé kan lórí owó bodè epo ẹran àti epo ewéko, èyí tí Philip Wright, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1928, ni ọ̀nà náà ti kọ́kọ́ yọjú.

Ìṣòro tí Wright dojú kọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ná ọjà. Bí ọjà bá gbówó lórí, ṣé àwọn olùrà ló pọ̀ sí i ni, àbí irè oko ló dínkù? Ohun méjèèjì ló ń ti iye owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kàn gbé iye owó ti iye ọjà tí wọ́n tà kò lè mọ èyí tó fà á. Wright ní kí a wá nǹkan kẹta tó kan apá kan ṣoṣo. Ẹ wo irúgbìn flax, tí wọ́n ń fi epo rẹ̀ po ọ̀dà. Òjò lè sọ irè rẹ̀ di púpọ̀ tàbí kékeré, ṣùgbọ́n òjò oko kò ní kí onílé kun ilé rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ti yí irè padà, ìṣe olùrà ni iye owó yóò fi hàn.

Ayé kò kọbi ara sí i. Wright kú ní 1934. Ní 1945, Olav Reiersøl, ará Norway, tó gba ọ̀nà tirẹ̀ débẹ̀, ló fún un lórúkọ.

Iyèméjì tún dìde: ṣé Philip ló kọ ọ́, àbí Sewall ọmọ rẹ̀, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa àbùdá àjogúnbá, tí ìlànà ìṣirò tirẹ̀ wà nínú àfikún ìwé náà? Ní 2003, James Stock àti Francesco Trebbi fi àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké àti ìhun gbólóhùn wé ti baba àti ti ọmọ. Ti baba ló bá a mu.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní 2021, Joshua Angrist àti Guido Imbens gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tó dúró lórí ìpìlẹ̀ yìí. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lò ó mọ ẹni tó fi í lélẹ̀.