Àtúnṣe Ètò Ẹ̀kọ́ àti Ọ̀rọ̀ Èdè Ìkọ́ni ní Yunifásítì Niamey

1.0 Ìfáàrà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Banifandou ní ìlú Niamey ń gbọ́ Zarma àti Haúsá nílé àti lọ́jà. Bí ó bá sọdá Odò Ọya dé yunifásítì, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn àtúnṣe tó dé bá yunifásítì náà kan owó, àkókò àti oyè, ṣùgbọ́n wọn kò kan èdè ìkọ́ni.

2.0 Ìtàn Àwọn Àtúnṣe

Ní 1971 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀. Ó di yunifásítì ní 1974. Abdou Moumouni, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é lónìí, ti sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1964 pé ó yẹ kí a máa fi èdè Áfíríkà kọ́ni. Ọ̀nà yẹn kọ́ ni àtúnṣe gbà. Lásìkò ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, ìjọba fẹ́ dín ìnáwó ẹ̀kọ́ kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de ní ọjọ́ 9, oṣù Kejì, 1990. Àwọn agbófinró yìnbọn sí wọn lórí afárá Kennedy, ó kéré tán, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló kú.

Ìlànà àjọ UEMOA ti oṣù Keje, 2007 ló fi ẹsẹ̀ ètò LMD múlẹ̀: ọdún mẹ́ta fún Licence, méjì fún Master, mẹ́ta fún Doctorat. Èyí mú kí oyè Niamey ṣeé fi wé ti Dakar tàbí Lomé. Ṣùgbọ́n ìdánwò sáà-dé-sáà fi kún iṣẹ́ olùkọ́, bí ìyanṣẹ́lódì bá sì dí sáà kan lọ́wọ́, a wọnú òmíràn. Ní ti èsì, ìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti Faransé rẹ̀ ni ìdánwò ń wọ̀n pọ̀. LMD kò yà wọ́n.

3.0 Àfiwé

Ní Nàìjíríà, àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá tọ ọ̀nà mìíràn. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìpín kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984. Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti ìkejì ní 1990. Olùkọ́ tipa bẹ́ẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ́ni ní fonọ́lọ́jì àti gírámà ní Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ sì rí èyí tí yóò fi kọ àpilẹ̀kọ.

4.0 Ìkádìí

Ní oṣù Kẹta, 2025, òfin tuntun ní Niger sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì di èdè iṣẹ́. Àṣẹ yìí nìkan kò lè gbé Haúsá tàbí Zarma wọ yàrá ẹ̀kọ́ yunifásítì. Èdè-ìperí ni ó yẹ kó ṣáájú, àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ yẹn sì já lé léjìká.