Ọmọ Ńlá, Ìdùnnú àti Ìwádìí
Ní Ajah, bí aboyún bá bí ọmọ tó wọ̀n tó kílò 4.5, ìdúpẹ́ ni ará ilé ń ṣe. Ìtàn ìṣègùn ní ká wádìí pẹ̀lú. Kí wọ́n tó ṣàwárí insulin ní Kánádà ní 1921, ìyá alátọ̀gbẹ kì í sábà bímọ láyọ̀. Ní 1952, Jørgen Pedersen, oníṣègùn ará Denmark, ṣàlàyé pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gba inú ibi kọjá sára ọlẹ̀, insulin ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì sọ ọ́ di ọ̀rá. Lóòótọ́, ọmọ mìíràn jogún títóbi ni. Ṣùgbọ́n bí èjìká bá há nígbà ìrọbí, ewu ìyá àtọmọ ni. Ẹ̀yin aboyún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Àyẹ̀wò kò tako àdúrà àbíyè.