Àlàáfíà Ọmọ Ló Ṣíwájú

Bí tọkọtaya bá tú ká ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n tàbí ní Ìdóàní, ohun tí àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: “Ta ló lọmọ?” Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: bàbá ló lọmọ. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “ni”, tó wà nínú “lọmọ”, ti dá ẹjọ́ tán. Ohun tí èèyàn bá ni, ibi tó wù ú ló lè gbé e sí. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe oko kòkó.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, ti yí ìbéèrè náà padà: kí ló máa ṣe ọmọ lóore jù lọ? Mo kọ́kọ́ rò pé “ire ọmọ” ni kí a máa pe ohun tí òfin ń wá yìí ní Yorùbá. Àmọ́ àdúrà ti gba ọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tó ń tọrọ ire ọmọ, ọmọ ló ń wá. “Àlàáfíà ọmọ” ló bá a mu. Bí a bá pàdé ara wa lọ́jà, a ó bèèrè bóyá àlàáfíà lọmọ wà. Oúnjẹ, oorun, ara líle àti ìbàlẹ̀ ọkàn ló wà nínú ìbéèrè náà.

Ẹ wo ibi tí ìtumọ̀ ti ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá ní, “Kóòtù ti gba ọmọ fún ìyá,” ohun tí bàbá gbọ́ ni pé wọ́n ja òun lólè. Ì bá sàn kó sọ pé: “A fi ìtọ́jú ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ṣì ni bàbá rẹ̀, sà. Ẹ ó máa rí i, ẹ ó sì máa san owó ilé-ìwé rẹ̀.” Ìtọ́jú ni wọ́n fi léni lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ.

Bí wọ́n ṣe ń pe kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ní “kóòtù ẹbí” náà ń kọ mí lóminú, torí ẹbí gan-an ló ń wí pé àwọn ló lọmọ. “Kóòtù àbójútó ọmọ” ló sàn. Nínú kóòtù yìí, òfin 2003 ní kí ẹni méjì jókòó ti adájọ́ májísíréètì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí èkejì jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Alábàárò adájọ́ ni wọ́n. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òfin yẹn kan náà kò gbà kí a lo èdè tí à ń lò fún ẹni tí a dá lẹ́bi, tí a rán lọ sẹ́wọ̀n, fún ọmọdé tó bá rú òfin. Kí ògbufọ̀ má ṣe pè é ní ọ̀daràn. “Ọmọ tó ṣẹ̀” tó.

Àtúnṣe kóòtù kò parí sórí ìwé òfin. Ẹnu ni yóò ti dé etí ọmọ. Bí òbí bá ń jà lórí ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé, “Ta lo fẹ́ nínú wọn?” Ẹ bi í pé: “Níbo lo ti ń sùn dáadáa? Ta ló ń bá ọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?” Kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn.