Bátìrì Tí À Ń Sá Sóòrùn: Ìtàn Tọ́ọ̀ṣì Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì ló kàn lónìí. Ẹni tó ń ṣa ìgbín lóru, tó ń ṣọ́ òkété, tàbí tó ń jí wo adìẹ ní aago méjì òru mọ̀ pé irinṣẹ́ ni tọ́ọ̀ṣì, bí àdá ni.

Kí tọ́ọ̀ṣì tó gbòde, iná kábáàdì làwọn ọdẹ wa ń dè mọ́rí. Omi á máa kán sórí kábáàdì, gáàsì á jáde, iná á sì máa jó lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó ń rùn.

Ní 1866 ni Georges Leclanché, ará Faransé, ṣe bátìrì sínkì, ṣùgbọ́n omi ló wà nínú rẹ̀, ta ni yóò gbé ìyẹn lọ sóko? Ọdún 1886 ni Carl Gassner ará Jámánì ṣe èyí tí kì í dànù. Nígbà tó di 1899, David Misell gba ìwé ẹ̀tọ́ tọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Bátìrì ìgbà náà kò lè tàn pẹ́: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fìrí, wọ́n á jẹ́ kó sinmi.

Ọmọ bátìrì sínkì yẹn ni Tiger Head tí gbogbo wa mọ̀. Ara rẹ̀ la ti kọ́ àṣà wa: tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Àwọn kan á gbá a mọ́lẹ̀, àwọn míì á feyín tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ o, sísá sóòrùn yẹn ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ooru ń jẹ́ kí kẹ́míkà inú rẹ̀ yára, ìsinmi náà sì ń ràn án lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ tó tún fi ń rẹ̀ ẹ́. Sínkì yẹn gan-an ni agolo rẹ̀, bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń jẹ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń jò sínú tọ́ọ̀ṣì.

Gílóòbù àtijọ́ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára bátìrì di ooru lásán. LED ló tán ìyẹn. Nick Holonyak ṣe LED pupa ní 1962, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi iná pupa wá ìgbín? Ìgbà táwọn ará Japan rí LED búlúù tó mọ́lẹ̀ gidi ṣe, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni ọ̀nà là. Wọ́n fi nǹkan bí àtíkè aláwọ̀ ìyeyè bo búlúù náà, ló bá di funfun. Akasaki, Amano àti Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2014.

Ní 1991, Sony ti gbé bátìrì lithium jáde fún títà. Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà, torí bátìrì yí padà, àṣà wa ò yí padà. Inú lithium jẹ́ abala irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ká pọ̀ bí ẹní, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló là wọ́n láàárín. Ẹ gbá a mọ́lẹ̀, ẹ feyín tẹ̀ ẹ́, abala méjèèjì lè kan ara wọn, ó di iná. Oòrùn pẹ̀lú ń gé ẹ̀mí ẹ̀ kúrú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tú bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú láti fi tún tọ́ọ̀ṣì ṣe, ọgbọ́n gidi lẹ dá, torí ọ̀kan tàbí méjì péré ló sábà máa ń bàjẹ́ nínú wọn. 18650 ló sábà máa ń wà nínú ti àtijọ́: ó fẹ̀ tó 18 mm, ó gùn tó 65 mm. Èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára lọ́jà, irọ́ ni. Ojúlówó kì í sábà kọjá 3,500. Ṣájà tó ń dá ara rẹ̀ dúró ní 4.2V ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá jẹ́ bátìrì kékeré mẹ́ta ni tọ́ọ̀ṣì yín ń lò tẹ́lẹ̀, àárẹ̀ àwọn bátìrì yẹn ló ń dáàbò bo LED rẹ̀. Lithium kì í tètè rẹ̀, nítorí náà ẹ fi résísítọ̀ kékeré sáàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ LED á jóná.

Ẹ máa ka ara bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án: 1.5V tí kì í gba ṣáájì sábà máa ń jẹ́ sínkì, 3.7V ni lithium. Èyí tó bá kọ 4V, tó wúwo, òjé ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi òun sílẹ̀ lófìfo títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí.