Òjé, Mílíìkì àti Àwọn Atẹ̀wé Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbọ́ tipẹ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà, lẹ́nu àwọn atẹ̀wé, wẹ́dà àti àwọn oníbátìrì: tí èèyàn bá parí iṣẹ́, kó mu mílíìkì agolo kan, á fọ gbogbo oró inú àyà dànù. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, ó sì yẹ ká tú u wò, torí pé ìlera àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Òjé ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, létà òjé ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbára lé. Irú létà yìí ni àwọn atẹ̀wé Èkó náà fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹ̀rọ Kord àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gba ojú iṣẹ́ ní Shipeolu àti àdúgbò rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tò ó, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń jẹun.

Àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ òkèèrè ti fura tipẹ́. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà, tó ṣiṣẹ́ atẹ̀wé kó tó di olóṣèlú, kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní 1786. Ó ní nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́mọdé, òun máa ń fi létà òjé yáná nígbà òtútù, títí ọwọ́ fi ń ro òun. Àgbà kan tó ń rọ létà wá sọ fún un pé kì í ṣe èéfín ló ń ṣe wọ́n, pé àwọn tó ń jẹun láìfọwọ́ dáadáa ló ń gbé òjé mì. Ẹ ò rí i pé àgbà yẹn ò dárúkọ mílíìkì? Ọwọ́ fífọ̀ ló sọ.

Mílíìkì wá ńkọ́? Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá jẹun yó, tí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, ikùn rẹ̀ kì í fa òjé tó ti ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ara kì í tètè mọ òjé yàtọ̀ sí kálísíọ̀mù. Èyí tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀ á lọ jókòó sínú egungun, ó sì lè lo ogún ọdún níbẹ̀. Mílíìkì kankan ò lè lé e jáde. Tí obìnrin bá lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, ara rẹ̀ á yá kálísíọ̀mù lára egungun, òjé á bá a jáde, á sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Mílíìkì màlúù gan-an ò bọ́. Láyé àtijọ́, òjé wà lára ohun tí wọ́n fi ń jó etí agolo oúnjẹ pọ̀. 1995 ni Amẹ́ríkà tó fòfin dè é. Òjé tún wà nínú bẹntiróòlù tí mọ́tò ń jó lójú títì bí Ikorodu Road, títí àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà fi jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Èéfín á bà sórí koríko, màlúù á jẹ ẹ́, díẹ̀ á sì dé inú wàrà. Ìdí nìyí tí ìlànà Codex fi ní kí òjé inú mílíìkì má ju 0.02 mílígírámù nínú kílò kan lọ.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ tí WHO àti FAO kó jọ fagi lé ìwọ̀n òjé tí wọ́n ti ń pè ní aláìléwu tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni ayé gbọ́ pé òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara. Lára àgbà, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín. Lára ọmọdé, ọpọlọ ló ń bá jà, kì í sì í pariwo.

Létà òjé ti lọ ní Ṣómólú, àmọ́ òjé ṣì wà nínú bátìrì mọ́tò àti nínú àwọn ọ̀dà kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ mílíìkì yìí ni pé ẹni tó gbà á gbọ́ á máa jẹun nídìí iṣẹ́, á sì gbé ọmọ mọ́ra pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbọ́mọ. Kí aboyún àti ọmọdé jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì. Tí ẹ bá ń fura, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́. Ẹ máa ra wàrà àti mílíìkì yín o, ẹ fún àwọn ọmọ. Oúnjẹ gidi ni. Kì í kàn ṣe oògùn òjé ni.

Ó tún dìgbà kan ná.