Egungun Ikún àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ń Sọ̀rọ̀



Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ni ń wú ẹ̀pà tí a gbìn? Ikún ni. Ta ni ń sáré lórí igi, tí ń fi ìrù ṣe fáàrí? Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ikún ń gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ gbalasa tí koríko wà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í rìn jìnnà sí igi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí egungun wọn lè mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n gbé.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe ní Laetoli, ní ilẹ̀ Tanzania. Eérú òkè tí ń yọ iná bo ibẹ̀ ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Wọ́n rí eyín ikún níbẹ̀, wọ́n sì rí ti ọ̀kẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Kí ni èyí fi hàn? Pé koríko wà, igi náà sì wà láàárín rẹ̀. Eyín tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan! Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Níhìn-ín ńkọ́? Ilẹ̀ wa pupa, òjò ń rọ̀, egungun kékeré kì í pẹ́ jẹrà. Ṣùgbọ́n a ní ẹlẹ́rìí mìíràn: ìyẹ̀fun inú òdòdó, irú èyí tí oyin ń kó sí ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé e bọ́ sínú omi, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi a sì pa á mọ́. Àwọn onímọ̀ fa irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní adágún Sélé, ní àfonífojì odò Ouémé. Salzmann àti Hoelzmann kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ní 2005. Igbó kìjikìji ni ó wà lágbègbè yìí tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, òjò dínkù, igbó fà sẹ́yìn, koríko sì gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àlàfo fi wà láàárín igbó Ghana àti igbó Nàìjíríà títí di òní.

Àwọn kan máa ń sọ pé àdá àti iná àwọn baba ńlá wa nìkan ni ó pa igbó náà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Òjò tí ó dínkù ni ó kọ́kọ́ lé igbó sẹ́yìn. Àdá wa tẹ̀ lé e. Nínú ìyókù tí ó ṣẹ́ kù, púpọ̀ jẹ́ igbó orò àti igbó òrìṣà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé.

Bí ẹ bá gba ẹ̀bá irú igbó bẹ́ẹ̀ lọ sóko lọ́la, ẹ gbójú sókè wo orí igi, kí ẹ sì wo ilẹ̀ oko tí ó kàn án. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹ óò rí?