Gbígbin Òdòdó Olóyin àti Ewé Egbòogi láti Inú Irúgbìn ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Gbígbin òdòdó olóyin àti ewé egbòogi láti inú irúgbìn ni iṣẹ́ ọgbà tí ènìyàn fi ń gbin ohun tí ń rúdìí fún oyin, fún labalábá àti fún àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri, tí ohun náà sì tún ń wúlò fún ọbẹ̀ àti fún ìtọ́jú ara, láìjẹ́ pé a ra ọmọ ọ̀gbìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe pé kí a gbọn hóró láti orí èyí tí ó gbó ní èṣí, kí a sì fi í lé ilẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òjò bá dé. Ní Igbódigò, ìlú kan nínú àwọn ìlú Ìkálẹ̀ tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n jọ ń sọ ẹ̀ka èdè kan náà, ẹ̀yìnkùlé ni iṣẹ́ yìí ń gbé, lọ́wọ́ àwọn ìyá tí kì í tilẹ̀ pè é ní iṣẹ́. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ẹ̀gàn ni wọ́n fi òwe náà ṣe fún ohun tí a rí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ní ti efinrin, ẹ̀yìn ààrò náà gan-an ni ibùjókòó rẹ̀, níbi tí eérú ti ń bọ́ ọ, tí omi ìfọbẹ̀ sì ń rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàárín igbó ẹgàn àti omi àwọn Ìlàjẹ. Ilẹ̀ pupa tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ni, òjò tí ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí wọ oṣù kọkànlá sì ti fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ díẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀ kíkan ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà ni eérú igi ṣe jẹ́ olórí ajílẹ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ó ń pa kíkan ilẹ̀, ó sì ń fún ọ̀gbìn ní oúnjẹ. Ìgbà ìfúnrúgbìn méjì ni àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀: ti àkọ́rọ̀, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti ti àròkúrò, lẹ́yìn tí òjò bá ti dákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ tí ó sì tún padà dé. Ẹni tí ó bá ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò ni ó lè fi ẹ̀ẹ̀rùn kún un.

Kí a tó sọ bí a ti ń gbin irúgbìn, ó yẹ kí a mọ bí irúgbìn ti ń wáyé. Elégédé, ẹ̀gúsí àti ejìnrìn ní akọ òdòdó lọ́tọ̀, wọ́n ní abo òdòdó lọ́tọ̀, lórí ìtàkùn kan ṣoṣo. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ dé ara abo ní àárọ̀ tí òdòdó náà là, abo yóò rọ, yóò sì bọ́ sílẹ̀ láìléso. Oyin ni alárinà wọn, kì í sì í ṣe nítorí Ọlọ́run ni ó ṣe ń rìnrìn àjò náà. Omi dídùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òdòdó ni ó ń wá, lẹ́búlẹ́bú sì ń lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀ bí ó ti ń jẹun. Àgbàdo kò ní í ṣe pẹ̀lú oyin tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń bá a ṣe é. Kòkó sì wà lọ́wọ́ àwọn kòkòrò tí ó kéré ju ẹ̀fọn lọ. Ìròyìn ńlá kan tí àwọn onímọ̀ àgbáyé gbé jáde ní 2016 sọ pé, nínú àwọn olórí ọ̀gbìn oúnjẹ ayé, ó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin tí ó gbára lé irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, yálà púpọ̀ tàbí díẹ̀.

Ọ̀pẹ ni ó kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí jù, ọ̀pẹ sì ni igi tí ará Òkìtìpupa mọ̀ ju igi gbogbo lọ. Ní 1848 ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì gbin ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Jáfà, láti ibẹ̀ ni ìran ọ̀pẹ ti tàn ká ìhà ọ̀hún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kó igi lọ kò kó ẹ̀dá tí ń ṣe iṣẹ́ lára rẹ̀ lọ, nítorí náà ni ó ṣe di pé ní Malaysia, ènìyàn ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ láti fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó dé ara abo, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, pẹ̀lú owó gọbọi. Ní 1981 ni wọ́n tó kó kòkòrò kékeré kan tí ń gbé inú akọ òdòdó ọ̀pẹ, Elaeidobius kamerunicus, láti Kamẹrúùnù lọ síbẹ̀. Eso pọ̀ sí i, iṣẹ́ ọwọ́ náà sì parí. Àwọn ìran kòkòrò wọ̀nyí ń bẹ lórí ọ̀pẹ Ìkálẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú ewé egbòogi tí a ń gbìn láti inú hóró, efinrin ni ó gba ipò iwájú. Efinrin ńlá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ocimum gratissimum, a máa ga ju orí ọmọdé lọ, a máa rúdìí léraléra, oyin kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ láti ìgbà tí ìrì bá ti gbẹ. Ìyá tí ń se ọbẹ̀ ẹja tútù kò lè ṣe aláìní i, ẹni tí inú ń run a fún un mu, ẹni tí ẹ̀fọn ń yọ lẹ́nu a jó o lójú fèrèsé. Ohun tí ń ta sánsán nínú ọ̀pọ̀ efinrin ńlá ni thymol, oògùn kan náà tí àwọn olùsìn oyin ní Yúróòpù ń lò láti lé kòkòrò Varroa tí ń jẹ oyin lára nínú ilé wọn. Èyí fi hàn pé ewé tí ń bọ́ oyin lè tún wò ó sàn. Ìbátan rẹ̀, efinrin wẹ́wẹ́, kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, hóró rẹ̀ a sì máa yọ̀ bí ilá bí a bá rẹ ẹ́ sómi.

Ìṣápá ni ó tẹ̀ lé e. Funfun ni ti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, pupa ni ti sóbò, àwọn méjèèjì sì ń fi òdòdó ńlá olójú dúdú ṣe oyin lálejò, òdòdó tí ń là ní òwúrọ̀ tí kì í sì í rí ọjọ́ kejì. Ọgbọ́n kan wà nínú ìṣápá tí ń ya olùgbìn tuntun lẹ́nu: kì í rúdìí àfi tí ọ̀sán bá ń kúrú lọ, nítorí náà èyí tí a gbìn ní oṣù karùn-ún àti èyí tí a gbìn ní oṣù kẹjọ yóò rúdìí ní nǹkan bí àkókò kan náà, ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ṣùgbọ́n èkíní yóò ti di igi, èkejì yóò sì jẹ́ ọ̀pá lásán. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ẹbòlò àti ewúro náà ń bọ́ kòkòrò, bí a bá jẹ́ kí wọ́n rúdìí.

Níbí ni àbùkù ọgbà wa wà. Ewé ni a ń wá, ewé ni a sì ń já lójoojúmọ́. Bí ọ̀mùnú bá yọ, a gé e, bí orí efinrin bá fẹ́ rúdìí, a ṣẹ́ ẹ, kí ewé má bàa dín. Ìwà yìí bọ́gbọ́n mu fún ọbẹ̀ òní, ṣùgbọ́n oyin kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹni tí ó ni ọgbà náà kò sì ní í rí hóró kan gbọ̀n ní ìparí ọdún. Nítorí òdòdó kan náà ni ó jẹ́ oúnjẹ oyin lónìí tí ó sì jẹ́ irúgbìn lọ́la, ó tọ́ kí ìdí efinrin kan tàbí méjì wà ní ìkángun ọgbà tí ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn.

Hóró efinrin wẹ́ púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì wà lára ohun tí ń jí i, nítorí náà ẹni tí ó bá wa ilẹ̀ jìn fún un ti sin ín. Ebè tí a ti fọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ kúnná ni a ń lò. A ó po hóró mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má bàa ṣù jọ sójú kan, a ó fọ́n ọn, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, a ó da imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Èèrà ni ọ̀tá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé a máa kó hóró lọ bí ẹni pé òun ni a gbìn ín fún; eérú tí a fi yí ebè ká a máa dá a dúró títí òjò yóò fi gbá a lọ. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá ni yóò hù. Nígbà náà ni a ó máa ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò díẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ó bá sì ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, a ó hú u ní ìrọ̀lẹ́, a ó tún un gbìn sí ibi tí yóò gbé dàgbà.

Ìkórè irúgbìn fúnra rẹ̀ fẹ́ ìfarabalẹ̀. Nígbà tí orí efinrin bá ti rẹ́sú, kí ìrì tó gbẹ lára rẹ̀ ni a ń gé e, kí hóró má bàa dà sílẹ̀. A ó sá a sábẹ́ òjìji, a ó fi ọwọ́ ra á, a ó fẹ́ ẹ. Àwọn ìyá ìgbàanì a máa so ìdì irúgbìn kọ́ òkè ààrò, èéfín a sì máa lé kòkòrò. Bí ọ̀rinlẹ̀ inú hóró bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín, àwọn onímọ̀ ní ẹ̀mí rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ní ìlọ́po méjì, èyí tí ó jẹ́ ìdáláre fún òkè ààrò. Ẹni tí ó sì ra irúgbìn lọ́jà kò gbọdọ̀ gba ẹnu oníṣòwò gbọ́: kí ó ka ọgọ́rùn-ún hóró sórí aṣọ tútù, kí ó ka iye tí ó hù, nítorí ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebu tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ sí i, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn ní 1975, NIHORT, wà fún irú èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó wọ̀nyí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí oyin fẹ́ràn ni ó yẹ ní gbígbìn. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn tí àwọn onímọ̀ kọ ni pé inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sílónì ní nǹkan bí 1937 ni ó fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. A máa rúdìí nínú ọyẹ́, nígbà tí ebi ń pa oyin, omi rẹ̀ a sì máa dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró. Àmọ́ ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, kí àwọn ará oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Imí eṣú àti àgógó igún ní labalábá púpọ̀, àwọn akọ labalábá kan a tilẹ̀ máa wá mu oró inú wọn láti fi ṣe òórùn ìfẹ́. Oró yìí kan náà ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, nítorí náà kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún labalábá, kí a má ṣe sè wọ́n mu. Oògùn apakoríko tí ó gbòde báyìí kò sì yan èyí tí ó dára lọ́tọ̀: ó ń pa ẹbòlò, ó ń pa ejìnrìn, ó sì ń sọ etí oko di aṣálẹ̀ fún oyin.

Marúgbó, ewé ọbẹ̀ dúdú tí ará Ìkálẹ̀ fi ń jẹ pupurú, ni ó yàtọ̀ sí ìyókù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wá hóró rẹ̀, ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn. Palisot de Beauvois, ará Faransé tí ó wá sí agbègbè Warri ní 1786, ni ó fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, Clerodendrum volubile.

Atare ni ó le jù nínú gbogbo wọn. Hóró rẹ̀ tí ó gbẹ lórí àtẹ ọjà kì í sábà hù mọ́. Nínú eso pupa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni a ti ń yọ ọ́, a ó fọ ìyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, a ó sì gbìn ín lójú ẹsẹ̀ sábẹ́ òjìji, láàárín kòkó tàbí lẹ́bàá igi ńlá. Ilẹ̀ ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, ó tóbi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ń là, oyin ńláńlá tí ara wọn tó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ni ó ń wọlé síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbìn ín yóò sì dúró tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí eso àkọ́kọ́ tó yọ lẹ́bàá gbòǹgbò rẹ̀.